Bí aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe lè máa jábọ̀ fún àwọn tó dìbò fún un: ìtọ́sọ́nà láti Àkúrẹ́

Ní ọjà Ìsìkàn ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ti bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí dáhùn. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ onórébù kan ni mí nígbà náà, mo sì wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí lẹ́yìn. Ìyá náà ka orúkọ ọ̀hún tán, ó ní, "Ọmọ mi, yàtọ̀ sí ìrẹsì ọdún, kí ni ọ̀gá yín ń ṣe nílé aṣòfin ní Alágbàká láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?" Mo la ẹnu, ẹnu ò sọ nǹkan kan. Kì í kúkú ṣe pé ọ̀gá mi ń sùn o. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló dìde lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé, tó ń jà lórí àbádòfin kan tó kan àwọn oníṣòwò bíi ìyá yìí. Èmi tó yẹ kí n wá sọ fún wọn, fọ́tò ìsìnkú àti ìgbéyàwó tí ọ̀gá lọ ni mò ń gbé sójú Facebook.

Ohun tí mo ti kọ́ látọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ síbí. Ẹ̀yin onórébù lè kà á, àmọ́ ẹ̀yin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mò ń bá wí jù, torí orí yín ni iṣẹ́ náà máa já lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ ọ́n

Ọmọ ilé 26 ló wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 la ní, torí náà àwọn ibì kan ní onórébù kan, àwọn mìíràn ní méjì. Gúúsù Àkúrẹ́ ní méjì, Àríwá Àkúrẹ́ ní ẹyọ kan. Ní agbègbè Oǹdó náà, Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó ní méjì, Ìlà-Oòrùn Oǹdó ní ẹyọ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti pàdé ẹni tó dìbò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Gúúsù Àkúrẹ́ tí kò mọ̀ bóyá ẹkùn kìíní lòun wà tàbí ìkejì. Ẹ kọ gbogbo wọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ ẹkùn yín sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín àti síbi tí èrò ti ń dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa ìlà sórí bébà mìíràn kó pín sí mẹ́ta: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọjà, gáréèjì, gọ́tà àdúgbò àti ìdọ̀tí kíkó, ìwé òfin Nàìjíríà kó wọn fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má fi èyí ṣe ọgbọ́n àtiyẹ ẹ̀bi o. Bí ẹnì kan bá béèrè ọ̀nà Adó lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ti ta ni, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀yin lè ṣe sí i: onórébù lè gbé àbá wá pé kí ilé rọ ìjọba àpapọ̀. Ẹ wá fi kún un pé ẹ̀bẹ̀ ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣẹ. Ọ̀pọ̀ onórébù kì í fẹ́ sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá fi ìpinnu ilé yangàn bíi pé katakata ti ń bọ̀ lọ́nà, oṣù mẹ́fà ò ní pé kí wọ́n tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí àwọn èèyàn bá ní àwọn ò rí ohun tí aṣòfin ń ṣe, ẹ nawọ́ sí Àmọ̀tẹ́kùn. Ilé aṣòfin ló ṣe òfin tó dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, kí Gómìnà Rótìmí Akérédolú tó buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Kò sẹ́ni tí kò mọ Àmọ̀tẹ́kùn, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ẹni tó mọ̀ pé inú ilé yẹn ló ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ní ìwé ìjókòó

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ra ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Lójoojúmọ́ tí ilé bá jókòó, ẹ kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun tí onórébù sọ, ibi tó dìbò sí, àti ohun tí ilé fẹnu kò sí. Tí kò bá wá, ẹ kọ ọ́ pé kò wá, kí ẹ sì kọ ìdí. Ìwé òfin ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún, torí náà ẹ ò ní ráyè máa rántí rẹ̀ lórí. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ o. Èyí tí ẹ bá dúró dòpin ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó kọ, ìtàn ni yóò dà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi Yorùbá sọ àbádòfin

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀.

Àbádòfin kì í di òfin lọ́jọ́ kan. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kìíní, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá ó wúlò. Ó máa lọ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, àwọn yẹn sì lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Wọ́n á tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí ló ń lọ sọ́dọ̀ gómìnà, tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé tún fọwọ́ sí i, ó ti di òfin láìsí ìbuwọ́lù gómìnà. Nínú ilé tó ní ọmọ 26, èèyàn 18 nìyẹn.

Ẹ wò ó, èmi alára ti jábọ́ níbí. Ọjọ́ tí wọ́n ka àbádòfin kan lẹ́ẹ̀kẹta, ayọ̀ pa mí bí ọtí, mo fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé "òfin ti jáde!" Ọjọ́ kejì, àwọn oníṣòwò kan fi fóònù sétí agbowó, wọ́n ní àwọn ò sanwó mọ́, onórébù ti ní òfin ti jáde. Ọwọ́ gómìnà ni àbádòfin náà ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń lọ láti ìsọ̀ sí ìsọ̀ tí mò ń tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo bá rán: "kò tíì di òfin."

Ohùn tí ẹ bá rán kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé àbádòfin kan wà lórí owó ìsọ̀ ọjà. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ẹkùn wa. Àbádòfin kan wà nílé lórí owó ìsọ̀. Kò tíì di òfin o. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Bó bá di òfin, onísọ̀ ò ní lè ṣàdédé fowó kún owó, àfi tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Onórébù yín fara mọ́ ọn, àmọ́ ó ní owó ìtanràn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ìgbìmọ̀ máa gbọ́ tẹnu ará ìlú ní Alágbàká. Ẹ lè wá fúnra yín, ẹ sì lè kọ ọ́ rán wa. Ní báyìí ná, iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ náà ni kí ẹ máa san."

Ẹ kíyè sí i pé mi ò ka nọ́ńbà abala òfin fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ibi tó dé, ẹni tó kàn, ohun tó máa yí padà, ohun tí onórébù rò, ohun tí olùgbọ́ lè ṣe, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò fún ìyá yín nílé. Bó bá dákẹ́ tó ń wò yín, ẹ lọ tún un kọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé, nítorí náà Yorùbá ò lè gbé e. Ìwé òfin ọdún 1999 tí wọ́n ń gbára lé, abala 97 rẹ̀ sọ pé gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì fi kún un pé ilé lè fẹnu kò láti lo èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú. Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Yorùbá jókòó, ilé ò sì wó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣúná

Bí ọdún bá ń parí lọ, gómìnà á gbé àbá ìṣúná wá, ariwo á sì sọ pé "wọ́n ti fi ọ̀nà wa sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì." Ẹ ṣọ́ra gidi. Bí ìyàwó ilé bá kọ "ẹran" sínú ìwé ọjà, ìyẹn ò ní kí owó ẹran wà lápò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo máa ń lò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà ní ẹkùn wa: wọ́n kọ ọ́, owó jáde, agbaṣẹ́ṣe dé, iṣẹ́ parí. Bí ọ̀nà Ìjọkà bá ṣì wà ní "wọ́n kọ ọ́" fún ọdún méjì, ohun tí ẹ máa sọ náà nìyẹn. Ó lè dun àwọn kan ní òkè. Àmọ́ aṣòfin ló ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe náwó, kò sì sí bí ará ìlú ṣe máa ti onórébù lẹ́yìn lórí ohun tí wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú: bí ìṣúná bá pẹ́ nílé kó tó jáde, ìjọba kò ní torí ìyẹn dúró. Ìwé òfin gba gómìnà láàyè láti máa náwó fún oṣù díẹ̀, bó ṣe ná an lọ́dún tó kọjá. Nítorí náà bí ẹnì kan bá ní onórébù ló dá owó oṣù òun dúró torí pé ìṣúná ò tíì jáde, ẹ ní èsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gba ibi tí etí wà lọ

Rédíò ṣì ni ọba. Adaba 88.9, Orange 94.5 àti Positive 102.5, wọ́n ń gbọ́ wọn nínú takisí, ní ìsọ̀ télọ̀ àti lóko. Ẹ ra àkókò kékeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ní ìdájí kí àwọn àgbẹ̀ Ìjú àti Ìtá Ògbólú tó jáde, tàbí ní alẹ́ tí wọ́n bá ti dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn pè wọlé. Onórébù tó bá gbé ẹni tó ń pọ́n ọn nìkan sórí fóònù, gbogbo ìlú ló mọ̀.

Ní ti WhatsApp, ẹ má ṣí gúrúùpù tí gbogbo èèyàn á máa kọ nǹkan sí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àdúrà, ìpolówó ilẹ̀ àti èébú á ti bo ìròyìn yín mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí èyí tí ọ́fíìsì yín nìkan lè kọ̀wé sí, kí ẹ sì fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà kan tí wọ́n á máa gbà béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni òfin ti wà tó ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ gbà níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì kì í ṣe ti ìpolongo ìbò.

Bébà náà ò tíì kú. Ojú kan ṣoṣo, lẹ́tà ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀ onídìrí, ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àdúgbò. Ẹni tí kò ní dátà á kà á, á sì kà á fún ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ ọjà Erékèsán ní Ọjà Ọba, ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má gbé maíkì wọnú ọjà lásìkò tí ọwọ́ wọ́n ti dí, wọ́n á kàn máa kí yín "ẹ ṣé o, ẹ ṣé o" kí ẹ lè tètè kúrò lójú ìsọ̀. Tó bá di ìyálẹ̀ta tí èrò ti dín, ẹ jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́, ẹ sọ ọ́, ọkàn àwọn àgbà á balẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń gbé ẹkùn yín. Àwọn Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Ṣáṣá náà ń sanwó orí, ọ̀pọ̀ wọn sì ní káàdì ìdìbò. Ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀, kí ẹ sì dáhùn

Ìwé kejì nìyí. Orúkọ ẹni tó béèrè, wọ́ọ̀dù rẹ̀, ohun tó béèrè, ọjọ́ tó béèrè, ọjọ́ tí ẹ dáhùn. Mo fún ara mi ní ọjọ́ méje. Iye tí Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba náà nìyẹn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti dájọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin yẹn de gbogbo ìpínlẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì rí èsì, ẹ pè é ní ọjọ́ keje kí ẹ sọ pé ẹ kò tíì rí èsì. Ó máa yà yín lẹ́nu bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lórí ìyẹn lásán.

Àwọn tó bá wá tọrọ owó ilé ìwòsàn tàbí owó ilé ìwé, ẹ kọ tiwọn sí ìwé ọ̀tọ̀. Wọn ò ní yéé wá, mi ò sì ní kí ẹ lé wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, tọrọtọrọ á gbé ìbéèrè mì.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀rọ̀ ìdìbò

Ní ìpínlẹ̀ wa, ìdìbò kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì ń da ọ̀pọ̀ lórí rú. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ léraléra. INEC ló ń ṣe ti gómìnà àti ti ilé aṣòfin, ODIEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò fún ìpínlẹ̀ wa, ló ń ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Ti onórébù ìpínlẹ̀ ń bá ìdìbò gbogbogbòò rìn. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023 la dì í kẹ́yìn. Ti gómìnà wà lọ́tọ̀: ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni. Ti ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ìbò mẹ́ta, ọdún mẹ́ta.

Àwọn ọ̀dọ́ á béèrè ìdí tí ti gómìnà fi yà. Ẹjọ́ ló fà á. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2007, wọ́n kéde Olúṣẹ́gun Àgágú, Olúṣẹ́gun Mímíkò sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Oṣù Kejì ọdún 2009 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre, ó sì búra wọlé ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Ọdún mẹ́rin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí gómìnà wa fi ń búra ní oṣù Kejì títí dòní.

Ohun tí ọ́fíìsì onórébù lè máa sọ fún gbogbo èèyàn láìka ẹgbẹ́ sí ni èyí: ọjọ́ tí INEC tàbí ODIEC bá fẹnu ara wọn kéde, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, bí ẹni tó kó láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ ṣe lè gbé ibi ìdìbò rẹ̀ wá, àti pé kí ẹni tó ti ní káàdì má ṣe forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ rán wọn létí pé ẹ̀rọ BVAS á yẹ ìka tàbí ojú wò, nítorí náà káàdì ẹlòmíràn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe gba káàdì ìdìbò ẹnikẹ́ni "láti bá wọn tọ́jú rẹ̀" láé, ì báà ṣe ti ìyá yín.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ti "ẹ tún mi yàn" gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bébà tirẹ̀, owó tirẹ̀. Bí ìpolongo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn oṣooṣù máa lọ bó ṣe ń lọ, láìsí orin ẹgbẹ́ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ọ̀gá á ní, "Èèyàn tó pọ̀ báyìí ń gbọ́ wa, ẹ kúkú fi díẹ̀ kún un." Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Ọjọ́ tí ará ẹgbẹ́ kejì bá gbọ́ orin yẹn lẹ́ẹ̀kan ló pa nọ́ńbà yín rẹ́, tó bá sì di ọjọ́ tí àbádòfin tó kàn án bá wá sílé, kò ní gbọ́.

Ẹ tún sọ èyí tí kò dùn-ún sọ: abala 110 ìwé òfin gba ará ẹkùn láàyè láti pe onórébù wọn padà sílé. Ó gba kí ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà tó fọwọ́ síwèé sí INEC, kí INEC yẹ ìfọwọ́sí náà wò, kí wọ́n sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Ọ̀gá mi bínú nígbà tí mo kọ ọ́ sórí bébà. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọkùnrin kan láti Òkè-Àró tó máa ń bú wa ní gbogbo ìgbà fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ó ní òun ò rò pé a lè sọ irú èyí fáwọn èèyàn, pé kí la tún ní tí òun ò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí sáà bá parí

Ọdún mẹ́rin ni sáà ilé, láti ọjọ́ ìjókòó àkọ́kọ́. Bí onórébù bá padà, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá padà, ẹ kó ìwé ìjókòó àti ìwé ìbéèrè jọ, kí ẹ gbé wọn fún ẹni tó gba ipò náà, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Àkójọ nọ́ńbà kò sí nínú ohun tí ẹ máa gbé fún un. Ẹ fi ohùn kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ni nọ́ńbà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà onórébù tuntun, kí ẹni tó bá wù pè é fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àkójọ náà rẹ́ lórí fóònù yín.